Agolo Ìgbàgbọ́

Agogo ìsinmi lù, ariwo kankan kò jáde láti kíláàsì olùkọ́ tuntun. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé-ìwé yìí, mo sì mọ̀ pé ọgbọ̀n ọmọ kì í rìn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, wà láàárín wọn. Ara fu mí.

Olùkọ́ náà, tí àwọn ọmọ ń pè ní Rọra nítorí ohùn rẹ̀ tí kì í ròkè, ń kọ́ wọn ní bí oríṣiríṣi ènìyàn ṣe ń wo ayé. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí kálukú kọ ohun tó gbàgbọ́ jù sórí ìwé pélébé, kó jù ú sínú agolo bisikíìtì kan. Lẹ́yìn náà ló dé agolo náà, tó sì fẹnu pín ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn ibòmíràn fún wọn: ìpín ẹnìkan ni pé òkú ń gbọ́ wa, ti òmíràn ni pé kò sẹ́ni tó ni nǹkan kan láyé. Ohun tí wọn yóò máa fi gbé ayé nìyẹn títí di ọjọ́ Ẹtì, kí kálukú tó gba tirẹ̀ padà. Ó ní ẹni tí kò bá jáde síta rí kò lè mọ bí ilé òun ṣe rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Èyí tó kan ọmọ tèmi ni pé ohun tí ojú kò rí, kò sí. Nígbà tó di Ọjọ́rú, a ń jẹun lọ́wọ́, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Mọ́mì, ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní ẹ ní sí mi, ibo ló wà?"

Kò fi ṣàwàdà. Ó ń wo àyà mi bí ẹni ń wá bọ́tìnnì tó já. Ẹ̀rù bà mí, mo ní n ó wá ìwé tó kọ́kọ́ kọ jáde fún un.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn wà ní pápá, mo ṣí kíláàsì, mo ṣí agolo náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí àga tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mo rí ìwé ọmọ mi: *Mo gbà pé Mọ́mì ò lè yọ́ ohunkóhun ṣe lẹ́yìn mi.* Ojú tì mí, síbẹ̀ mo fi í sápò. Mo ní tó bá di ọ̀la, ọwọ́ ara mi ni n ó fi fún un.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kálukú mú tirẹ̀ nínú agolo, ariwo sì padà sínú kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi nìkan ló mú ọwọ́ òfìfo jáde. Mo sáré wọlé láti ẹnu ọ̀nà, mo na ìwé rẹ̀ sí i. Ó tú u. Kò sí lẹ́tà kankan lórí rẹ̀.

Rọra wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi.

"Ẹ̀yin lẹ mú un, mà? Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló lè mú un jáde láàyè."

Kò wá síṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbà á wọlé. Agolo rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, ó ti tutù.

Ọmọ mi ṣì ń kí mi. Àràárọ̀ ló ń bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo lè fi mọ̀ pé ọmọ yín ni mí?" Màá fà á síwájú dígí, màá fi imú rẹ̀ hàn án, imú mi gẹ́lẹ́. Yóò wò ó, yóò mi orí.

Láàárọ̀ yìí, mo wo imú náà pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èmi náà kò rí imú tèmi níbẹ̀ mọ́.