Ọládùnní Jẹ́rìí Kí Ara Rẹ̀ Tó Yá

Ọ̀rẹ́ mi, bóyá ẹnì kan ló fi ìwé pélébé yìí lé ọ lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀, o sì ń wá ibi tí wàá jù ú sí. Má tíì jù ú. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, inú ṣì máa ń bí mi nígbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Ọládùnní ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlá Ọ̀ràngún. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá ni nǹkan oṣù rẹ̀ ti máa ń dá a wó. Inú á máa lọ́ ọ, ẹ̀yìn á máa ro ó, á sì máa bì. Àwọn àgbà ní bó bá ti lọ́kọ, yóò lọ. Ó lọ́kọ, kò lọ. Wọ́n ní bó bá ti bímọ, yóò lọ. Ọmọ náà kò wá.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni dókítà kan ní Ìlọrin tó sọ orúkọ àìsàn náà fún un: ẹndomẹtiríósíìsì. Ó ní ohun tó yẹ kó wà nínú ilé ọmọ nìkan ló ń hù síta ilé ọmọ, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ lóṣooṣù. Ó fún un ní oògùn, ó sì kìlọ̀ fún un pé kì í ṣe àìsàn tó ń lọ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ wá. Nínú ìjọ tí Ọládùnní ń lọ, wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní dídúpẹ́ sílẹ̀. Bí o bá ń retí nǹkan lọ́dọ̀ Ọlọ́run, wọ́n á ní kí o jáde lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí o jẹ́rìí pé o ti rí i gbà, kí Ọlọ́run má baà lè kọ̀ mọ́. Ọládùnní jáde. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbàdúrà fún òun, òun kò gbúròó ìrora náà mọ́, òun sì ti da gbogbo oògùn nù. Oògùn náà wà nínú báàgì rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ìjọ hó yèè. Wọ́n gbé ẹ̀rí náà sórí rédíò. Ó dùn mọ́ ọn, mi ò ní tàn ọ́. Obìnrin tí wọ́n ti ń fi ojú àgàn wò tẹ́lẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń dìde fún.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìrora náà dé. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní ibà ló ń ṣe òun. Irú ibà wo ló ń dé lẹ́ẹ̀kan lóṣù bí owó oṣù? Ó ń bínú sí ara rẹ̀, ó ń bínú sí àwọn tó ń kí i kú oríire, Ọlọ́run ló sì ń bínú sí jù. Á dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, á ní, "Mo ti fi orúkọ Rẹ yangàn níta. Kí ló dé tí O ń dójú tì mí?"

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú wá fẹ́ ṣe eré ìje ọlọ́nà jíjìn, èyí tí wọ́n ń pè ní máratọ́nì, láti fi ran àwọn ọmọbìnrin tó ní irú àìsàn náà lọ́wọ́, ta ni wọn ì bá tún fi ṣe aṣáájú? Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sára ẹ̀wù, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ẹni Tí Olúwa Wò Sàn. Láti Ìlá ni wọn yóò ti sá lọ sí Ọ̀rà, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n sì máa yí ìlú po títí yóò fi pé kìlómítà méjìlélógójì. Oṣù márùn-ún ló fi múra sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ eré gan-an ni nǹkan oṣù rẹ̀ dé.

Ó gbé oògùn mì, ó wọ ẹ̀wù náà, ó sì sá. Mojísọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ dàgbà, jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń gbé omi tẹ̀ lé e. Mojísọ́lá nìkan ló mọ òtítọ́. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n èsì kan náà ni Ọládùnní máa ń fọ̀: kó má ba ìgbàgbọ́ òun jẹ́.

Ní Ọ̀rà, níbi tí wọ́n ti ń yí padà, obìnrin àgbẹ̀ kan já sọ́nà. Ó fa ọmọ rẹ̀ Dámisọ́lá lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó tẹ̀ síwájú tó sì di inú mú.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé e," ni ìyá náà wí. "A gbọ́ ẹ̀rí yín lórí rédíò. Wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un ní Òṣogbo tẹ́lẹ̀, a ò lọ mọ́. A ti da oògùn rẹ̀ nù bí ẹ ṣe da tiyín nù."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Ẹ̀yin náà, mà, ṣé kò dùn yín mọ́ rárá?"

"Rárá," ni Ọládùnní dáhùn. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà gígùn, ó sì sá lọ.

Kò sá jìnnà. Bóyá kìlómítà mẹ́ta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kòkó kan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀, ó jókòó sínú koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ lu ikùn ara rẹ̀. Mojísọ́lá sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mojí, mo tún ti purọ́ fún ọmọ yẹn," ni Ọládùnní wí. "Àmọ́ Ọlọ́run ló jẹ̀bi. Kí ló máa ná an láti wò mí sàn?"

"Mi ò mọ̀. Mo ti bẹ̀ Ẹ́ títí fún ọ, ó sú èmi náà. Ṣùgbọ́n àìsàn kọ́ ló tan ọmọ yẹn jẹ. Àìsàn rẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Dùnní. Irọ́ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀."

"Kí ni kí n wá ṣe? Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ara mi ti yá."

"Ohun tó ń dá ọ dúró náà nìyẹn. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Jésù kú fún. Láti ọjọ́ yìí, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe lo ṣe ń lọ bá a. Kò sí ohun tó lè ṣe fún Tíṣà tó ti sàn yẹn, torí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó o ṣe jókòó sínú koríko yìí gan-an ni kó o ṣe lọ bá a."

Ọládùnní sunkún títí. Àdúrà tó gbà lọ́tẹ̀ yìí kò gùn rárá. "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Mo fi orúkọ Rẹ wá iyì fún ara mi, mo sì ti fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu. Dárí jì mí. Gbà mí." Ìrora náà kò dín. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ẹ̀rí náà, ó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, ó sì mọ̀ pé Ó gba òun.

Àwọn tó ń sáré kọjá ń ké sí i pé kó dìde, kó má jẹ́ kó sú u. Ó dìde lóòótọ́. Ó gun ọ̀kadà, ó sì kọrí sí Ọ̀rà.

Níwájú ìyá àti ọmọ, lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó kó oògùn jáde lápò. Ó ní, "Mi ò dà á nù rí. Ó ń dùn mí bí mo ṣe dúró yìí. Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù." Dámisọ́lá bú sẹ́kún, ó ní òun ti rò pé ìgbàgbọ́ òun ni kò tó. Ìyá rẹ̀ wọlé lọ di ẹrù ọsibítù, kò sì dágbére fún Tíṣà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ọmọ náà sì ń gbádùn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní ibi tó ti bà jẹ́ kì bá tí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ká ní wọ́n tètè wá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé eré náà, Ọládùnní jáde síbi tó ti jẹ́rìí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn kan kò kí i mọ́ dòní. Ó ṣì ń dùn ún lóṣooṣù, mi ò sì ní tìtorí pé ìwé ìhìnrere ni mò ń kọ kí n sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí a ti dárí jì ni, ìyẹn ló ṣẹlẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Wọ́n bi ọ́ láàárọ̀ yìí pé ṣé dáadáa ni, o ní a dúpẹ́. O sọ ọ́ fún pásítọ̀, o sọ ọ́ fún àwọn ará ilé rẹ, o sì ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ìwọ mọ ohun tó wà nínú báàgì rẹ.

Jésù kò ní kí ara rẹ kọ́kọ́ yá kí o tó wá. Má dúró di ọjọ́ Ìsinmi. Má dúró títí ọmọ ẹlòmíràn yóò fi gba irọ́ rẹ gbọ́. Níbi tí o wà yìí, kí ìwé yìí tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, sọ fún un ohun tí o ṣe, kí o sì fi ibi tó ń dùn ọ́ hàn án. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìwọ ni Ó ń dúró dè.