Sípíkà Tí Kò Mí

Ẹni tó bá rò pé àlọ́ ni, kó lọ sí àdúgbò Highbridge lókè òkun, kó béèrè Kànmí tó ń wa takisí. Kó má bi í ní ìbéèrè kankan. Kó kàn ní kó bá òun tan sípíkà kan. Yóò rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà.

Ìyá Doyin àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló jọ ń gbé, ní àjà òkè ilé kan tó wà lórí gegele ní àdúgbò náà. Àwọn arúgbó ni ìyá máa ń lọ tọ́jú nínú ilé wọn. Doyin ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ń kọrin. Orin rẹ̀ kì í ṣe orin ariwo. Òun nìkan ni, pẹ̀lú gìtá kan, àti ohùn tó tutù bí omi àmù. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohùn rẹ̀ kì í dé ìjókòó kejì. Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá ju bó ṣe dun ọmọ lọ.

Nígbà tí ilé ìkàwé kan ní Williamsbridge wá ní kí Doyin wá kọrin fáwọn lọ́sàn-án Sátidé, ìyá pinnu pé lọ́jọ́ náà, ohùn ọmọ òun máa dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Kànmí ló ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ìjọ wọn, òun ló sì lọ bá.

Kànmí ní kí wọ́n má ra ohun ńlá. "Mọ́mì Doyin, ohùn èèrà lọmọ yín ní. Ẹ má rán agbádá erin fún un."

Ó ní máíkì ni kí wọ́n náwó sí. Ní ti sípíkà, àlòkù kékeré tó ń lo bátìrì ti tó, tó bá ṣáà ti ní ihò wáyà méjì, ọ̀kan fún máíkì, ọ̀kan fún gìtá. Ohun kan ló kìlọ̀ fún wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ tan án láìki wáyà kankan bọ̀ ọ́, kí wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, kí wọ́n wá tẹ́tí. Gbogbo sípíkà ló ń mí, ó ní. Sípíkà tó bá ń mí gúlegúle máa bo orin jẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tí èémí rẹ̀ bá kéré jù ni kí wọ́n mú.

Wọ́n dán oríṣiríṣi wò. Ọ̀kan ń ta bí òróró gbígbóná. Òmíràn ń kùn bí fìríìjì àtijọ́. Èyí tó dákẹ́ díẹ̀ nínú wọn, agbára wọn kò ká a.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nathan, ní Port Richmond tó wà lódìkejì omi, ló ní èyí tí wọ́n padà rà. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá a. Kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Sípíkà náà wà níta lórí àtẹ̀gùn, bí ohun tí wọ́n lé jáde. Kànmí tan án. Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan tàn. Ó yí ohùn sókè. Ó tún yí i. Ó dé òpin.

Kò sí nǹkan kan.

Kànmí bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé e. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Èyí ò mí rárá," ló wí.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Kànmí ki wáyà máíkì bọ̀ ọ́, ó sọ̀rọ̀ sí i. Ohùn rẹ̀ jáde, ó mọ́ gaara.

"Kò bàjẹ́, mà. Ó kàn dà bí ẹni tó ń tẹ́tí sí wa."

Doyin rẹ́rìn-ín. Kànmí kò rín.

Owó táṣẹ́rẹ́ ni Nathan gbà. Ohun kan péré ló bẹ̀ wọ́n fún: tí wọ́n bá ti kọrin tán, kí wọ́n pa á. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní títàn nínú ilé tó dákẹ́. Kí ìyá tó béèrè ìdí, ó ti ti ilẹ̀kùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Doyin kọ orin kan tó fúnra rẹ̀ ṣe, orin ọmọ tí ilẹ̀ ṣú sí níta.

*Màámi, ṣílẹ̀kùn fún mi,*
*Òtútù ń pa mí lóde.*

Ohùn náà kún ilé. Kò le, kò sì ha etí, àfi bíi pé Doyin jókòó sí ẹ̀gbẹ́ èèyàn. Ìyá rẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú. Ìdùnnú pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó rántí pa sípíkà.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí Ìyá Doyin ti kọ́ ọmọ rẹ̀ láti kékeré, bí ìyá tirẹ̀ náà ṣe kọ́ ọ: bí ohùn kan bá pè ọ́, tí o kò rí ojú ẹni tó pè, má jẹ́. Doyin a máa fi ṣe ẹ̀rín. "Màámi, ṣé kí n má gbé fóònù mọ́ nìyẹn?"

Lọ́jọ́ kejì, ìyá kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó ní kíṣìnnì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Yìnyín ń bọ́ níta. Yìnyín a máa pa ẹnu àdúgbò mọ́. Bọ́ọ̀sì ń kọjá, kò dún. Ọmọdé kò pariwo lórí àtẹ̀gùn.

"Màámi."

"Ẹ̀n, ọmọ mi," ni ìyá wí.

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ kò tíì bá a dé ibẹ̀. Ìyá wo ni ọmọ máa pè tí kò ní jẹ́?

Lẹ́yìn náà ló rántí pé Doyin wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ó rọra yọjú sí yàrá. Iná aláwọ̀ ewé náà ṣì ń tàn. Máíkì wà nínú páálí rẹ̀. Nínú sípíkà náà, nǹkan kan mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ti rìn jìnnà tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó.

Nígbà tí Doyin dé, ó la ẹnu láti kí ìyá rẹ̀. Ohùn tó jáde kò ju fọ́nrán òwú lọ. Wọ́n ní òtútù ni. Ìyá se atalẹ̀, ó fi oyin sí i, kò ràn án. Ojoojúmọ́ ni ohùn náà ń tín-ín-rín sí i. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi ẹnu kan máíkì, ohùn rẹ̀ a jáde ní kíkún, ó tilẹ̀ ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá ní kí àwọn gbé e dànù. Doyin kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: kí Sátidé kọjá ná, Sátidé péré.

Ìyá gbà. Ta ló lè kọ̀ fún ọmọ tó kúnlẹ̀?

Ní ilé ìkàwé, àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ń nu ojú. Inú ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìgbà náà ni Kànmí, tó dúró ti sípíkà, fọwọ́ kàn án ní èjìká. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó na nǹkan kan sí i. Wáyà máíkì ni.

"Mo ti yọ ọ́, mà. Láti orin àkọ́kọ́."

Níwájú èrò lọ́hùn-ún, ètè Doyin ń mì. Orin náà kò sinmi.

Kànmí ló ju sípíkà náà sínú àgbá ìdọ̀tí ńlá tó wà lẹ́yìn ilé náà. Láti ìgbà yẹn, ìwọ̀nba ohùn tó kù ní ọ̀fun Doyin náà lọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun kò rí nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ kan, yìnyín tún ń bọ́. Gílóòbù ẹnu ọ̀nà ti kú. Doyin jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ ń fi òrí pa á ní ọrùn. Ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn.

"Màámi, ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ohùn Doyin ni. Ó mọ́. Ó kún. Gbogbo ohun tí ìyá ti ń fi omijé bẹ Ọlọ́run fún ló dúró síta yẹn.

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. Ètè Doyin ń mì.

"Òtútù ń pa mí lóde."

Doyin di etí ìró ìyá rẹ̀ mú. Bóyá ó ń ní kó ṣí i, bóyá ó ń ní kó má ṣí i, ojú rẹ̀ kò sọ. Ìyá dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́.

Títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, Ìyá Doyin kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí òun ṣe. Kànmí bi í. Ìyá bu oúnjẹ fún un.

Ohun tí gbogbo ìjọ mọ̀ ni pé ohùn Doyin padà. Ó ń kọrin láìlo máíkì báyìí, ó sì ń dé ìjókòó ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n bí Doyin bá pe ìyá rẹ̀, ìyá kì í yára jẹ́ mọ́. Ẹnu ọmọ náà ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹnu náà á ti pa dé, kí ìpè náà tó dé.