Ilẹ̀ Tí Koríko Kì Í Hù

Bàbá Awakọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá ní àdúgbò wọn àfi koríko. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìjókòó ọkọ̀ sì ti ba ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí ó tó nàró a di iṣẹ́. Síbẹ̀, ó fẹ́ràn àtimáa gbin ẹ̀fọ́.

Nígbà tó gbọ́ pé èèyàn lè fi pákó gbé ebè ga sókè, kí ó sì máa tọ́jú ẹ̀fọ́ láì bẹ̀rẹ̀ púpọ̀, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó kan pákó pọ̀ lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, ó ga kọjá orúnkún. Ó tẹ́ páálí sí ìsàlẹ̀ kí koríko abẹ́ má baà yọrí jáde. Iṣẹ́ náà dára, a kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ilẹ̀ tí yóò kún inú rẹ̀ ló kù.

Ibí yìí ni ọgbọ́n bàbá wa ti pọ̀ jù. Ilẹ̀ ṣófo kan wà ní ìkángun òpópónà wọn tí koríko kì í hù sí, àní nígbà òjò. Igbó a máa bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun nìkan a mọ́ rekete. Bàbá wò ó títí, ó ní kò sí èso koríko nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ti bọ́ lọ́wọ́ koríko títu nìyẹn. Ó fi kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì kó o wálé, ó po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, ó gbin ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà sí i, ìgbẹ́ náà sì mú kí wọ́n hù. Lóòótọ́, koríko kan kò yọjú. Ó wá ń fọ́nnu kiri àdúgbò.

Ọmọbìnrin rẹ̀, onídìrí, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé náà ló sì ti máa ń dirun fún àwọn oníbàárà. Ọmọkùnrin onídìrí yìí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn dáadáa, ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá, torí pé òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Orí ebè ni wọ́n máa ń gbé Ọ̀gá sí kí ó máa ṣeré. Bó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ló ń tọ́ ọ wò. Bàbá àgbà rẹ̀ a rẹ́rìn-ín, a ní ọmọ yìí á ṣe àgbẹ̀. Nígbà tó yá, Ọ̀gá kò fẹ́ jẹun mọ́. Inú ń run ún, kò rí ìgbẹ́ yà dáadáa, ó sì ń ké ṣáá. Wọ́n ní eyín ló fẹ́ hù.

Lọ́jọ́ kan, opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníbátìrì, nítorí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ olóògbé, wá dirun. Kò tíì jókòó tán tó fi yin ebè náà, tó sì béèrè ibi tí wọ́n ti rí ilẹ̀. Bàbá nawọ́ sí ìkángun òpópónà, ó ro ọgbọ́n rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Obìnrin náà ní, "Bàbá, ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ló wà níbẹ̀ kí ẹ tó kó wá sí àdúgbò yìí."

"Mo rò pé ilẹ̀ lásán ni."

"Ibẹ̀ ló ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Ilẹ̀ ló ń da omi inú rẹ̀ sí, á wá máa yọ́ òjé inú rẹ̀ lórí iná. Kí ó tó kú, ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ife omi mú mọ́. Koríko tí kò hù níbẹ̀, ẹ rò pé ìbàdí yín ló ń bọ̀wọ̀ fún ni?"

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ onídìrí. Ó yíjú wo ebè. Ọ̀gá ló jókòó sáàárín àlùbọ́sà, ilẹ̀ dúdú wà ní ètè rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbé e, ó ń nu ẹnu rẹ̀, ó ń sunkún. Bàbá sáré lọ mú wàrà inú agolo, ó fẹ́ rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu kí ó fi fọ májèlé náà. Opó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wàrà la fi ń tan ara wa jẹ títí ọkọ mi fi lọ."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ fún àyẹ̀wò, ó sì ṣàlàyé pé òjé kì í rùn, kì í ta lẹ́nu, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù. Bàbá béèrè bóyá wọn ò kúkú lè se ẹ̀fọ́ náà kí ó jinná dáadáa.

"Iná kì í pa òjé, Bàbá. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fi fún adìyẹ."

Ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe gbá ilẹ̀ náà ní gbígbẹ, kí wọ́n má dáná sun ún, kí wọ́n má sì dà á sí ẹ̀yìn ògiri ẹlòmíì. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n bò ó, òun yóò ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àyíká. Bàbá fi tapólì tó fi ń bo ẹrù ọkọ̀ rẹ̀ láyé ọjọ́un bo ebè náà.

Ìgbà tí wọ́n ń retí èsì ló wá le jù. Bàbá kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. "Ọ̀gá, imú dà?" Bí ọmọ bá fọwọ́ kan imú, bàbá á mí kanlẹ̀. Bó bá fọwọ́ kan etí, àyà rẹ̀ á já, bẹ́ẹ̀ ìyá ọmọ ń rán an létí pé Ọ̀gá ti máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó gbọ́.

Èsì dé. Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì pọ̀ dé ibi tí wọn yóò ti dá a dúró sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé e wá déédéé.

Onídìrí béèrè pé, "Ṣé ọpọlọ rẹ̀ á pé?"

"Mi ò lè ṣèlérí fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ tètè dé."

Àwọn òṣìṣẹ́ àyíká kó ilẹ̀ náà lọ, wọ́n sì ṣọgbà yí ìkángun òpópónà ká. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ sì ti ń wọ̀ ọ́. Bàbá kan ebè tuntun pẹ̀lú pákó tuntun tí kò ní ọ̀dà lára. Oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, níbi tí igbó ti ń yọ èèyàn lẹ́nu, ló ti kó ilẹ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí koríko fi hù. Onídìrí fẹ́ bá bàbá rẹ̀ tu ú, ó kọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń kérora, ó ń tu ú.

Ó ní, "Fi mí sílẹ̀. Bí mo bá rí i pé ó hù, ọkàn mi á balẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ebè onípákó dára, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wádìí ilẹ̀ kí ẹ tó kó o: ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ rí. Ẹ sá fún ibi tí wọ́n ti fọ́ bátìrì, ibi tí wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe, ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí, àti pákó àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, torí òjé a máa wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Ẹ fọ ẹ̀fọ́, ẹ fọ ọwọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá ti jẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi wàrà tàbí àgbo ṣeré, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ òótọ́. Níbi tí koríko bá sì ti kọ̀ tí kò hù, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó pa á.