Àwọn Tó Jókòó Sẹ́nu Ọ̀nà Clement

Kí àwọn òyìnbó tó gbé kóòtù wá sí etí ọ̀sà yìí, ológò, ẹni tí wọ́n ń rán lọ jókòó ti onígbèsè títí á fi san, ni wọ́n fi ń gba gbèsè. Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan ni ológò dé ilé Oyèbámijí, oníṣòwò epo pupa, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lójú omi pẹ̀lú epo tí ó rà láwìn lọ́wọ́ ìjòyè kan. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni ológò náà. Ó wọ ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ aláró, ó fi ẹní há abíyá, kùmọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé, bí ọmọlúàbí.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ọ̀gá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ lọ, àfi tí mo bá rí yín."

"Ẹ bá mi kí wọn," ni Oyèbámijí fèsì láti inú ilé. "Omi ló gbé epo wọn, èmi kọ́."

Ológò tẹ́ ẹní. Ó ń mú adìẹ ilé, ó ń pa á jẹ. Ó gbé ìkòkò kaná lójúde onílé, ó ń bú ìyàwó, ó ń bú ọmọ, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti fọwọ́ kàn án, nítorí ìjòyè ló rán an. Oyèbámijí ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n ní ìtìjú ló pa á. Baba ń sọ ọ́ fún ọmọ, ọmọ ń sọ ọ́ fún ọmọ, títí ó fi dé etí Clement Oyèbámijí, tó ń lẹ táìlì sílẹ̀ ilé ní Awoyaya láyé tiwa yìí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ayé àtijọ́ ti lọ. Níbo ló fẹ́ lọ?

Clement yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìjọ rẹ̀, ìjọ kékeré kan tí wọ́n fi páànù kọ́ lẹ́yìn títì márosẹ̀. Ó fi ra táìlì fún ilé kan ní Thomas Estate. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún un kó wọlé tán, ó ní kí àwọn tó ń ṣọ́ géètì má jẹ́ kí Clement wọlé mọ́. Ẹ wo ìkà! Ó ń fẹsẹ̀ tẹ táìlì tí kò sanwó rẹ̀ kiri. Àrínọlá, ìyàwó Clement, fara dà á fún oṣù mẹ́rin, ó rẹ̀ ẹ́, ó kó ọmọ méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Clement kò gbé fóònù mọ́. Kò wá sí ìjọ mọ́. Ìṣó tó ti dípẹtà gún un lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́, aṣọ lásán ló fi dì í.

Ìyá Ìjọ, àgbàlagbà tó ń ta ẹja tútù, ló ṣe onídùúró fún un nígbà tó ń yáwó. Obìnrin náà ta fírísà rẹ̀, ó san owó náà pátá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Ìyanu, akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin. Àṣà ìjọ náà sì ni pé bí ẹnì kan bá pa Ìsinmi méjì jẹ, àwọn obìnrin á lọ jókòó tì í. Wọn kì í wàásù. Wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọjà, títí ara á fi tu onítọ̀hún.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ìyá Ìjọ àti Ìyanu dé, wọ́n wé gèlè funfun, wọ́n ru ìkòkò àti sítóòfù. Wọ́n kan ìlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n tẹ́ ẹní.

"Clement, ọmọ mi, àwa ìjọ ni o," ni Ìyá Ìjọ wí. "A ò ní lọ o. Àfi tí a bá rí ẹ."

Ìyanu sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyá, ẹ kúkú sọ fún un pé gbèsè ti tán."

"Kí gbogbo ayálégbé wá gbọ́ pé ó jẹ gbèsè? Ó ti o! Ó lórúkọ. Tó bá ṣílẹ̀kùn, màá sọ ọ́ sí i létí."

Ìwà àgbà ni, mi ò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi dòní.

Ràhmát, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kan ti Clement, gbọ́ ohùn Clement lójú fèrèsé ẹ̀yìn.

"Ràhmát, ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, bọ̀dá. Wọ́n ń se ìrẹsì."

"Wọ́n ti gbé ìkòkò kaná? Háà! Bí wọ́n ṣe ṣe baba ńlá mi nìyẹn. Má sọ fún wọn pé mo wà nílé. Fi Ọlọ́run búra fún mi."

Ràhmát búra. Ó rò pé àwọn tó wá gba gbèsè ni wọ́n lóòótọ́.

Ọjọ́ kejì, wọ́n padà wá. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, wọ́n wá. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ràhmát gbọ́ ìkérora, ó pe Clement, kò gbọ́ ju ìró eyín tó ń há mọ́ eyín lọ. Ó sáré jáde.

"Ìyá, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ó wà nínú ilé."

Wọ́n já ìlẹ̀kùn. Clement ti gan gbagidi lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ẹnu rẹ̀ ti há. Nígbà tó rí Ìyá Ìjọ, ó fẹ́ sún mọ́ ògiri. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó gbé ẹnu sí i létí.

"O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, Clement. Mo ti san án láti oṣù tó kọjá."

Ó gbọ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ń wo ìyá náà, ẹnu kò ṣí. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, àwọn dókítà ní oró ìṣó tó gún un ló ti wọ ara rẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó kú.

Àrínọlá dé láti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú àwọn ọmọ. "Kí ló sọ kẹ́yìn?" ló ń bi gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yìn ìsìnkú ni Ràhmát tó lè sọ ohun tí Clement wí lójú fèrèsé nípa baba ńlá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ níṣojú Ìyá Ìjọ. Àrínọlá ló wá ṣàlàyé ẹni tí baba ńlá náà jẹ́, àti ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá Ìjọ bọ́ gèlè orí rẹ̀.

Wọ́n ṣì ń lọ jókòó ti àwọn ènìyàn ní ìjọ náà. Ṣùgbọ́n láti ojú títì ni Ìyá Ìjọ ti ń pariwo báyìí, kó tó kí ẹnikẹ́ni: "A ò wá gba owó o! A ò wá gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o!" Àwọn ayálégbé á yọjú, àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín. Kò kàn án. Á máa ké e lọ títí ìlẹ̀kùn á fi ṣí.