Kírómù Ni Mo Sọ Fún Un

Yìnyín ojú adágún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ nígbà tí Sixten kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì di bọ́ńpà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mọ́tò bàbá rẹ̀ ló ń tún ṣe, ọkọ̀ Amẹ́ríkà gígùn irú èyí tí àwọn ọkùnrin agbègbè wa, Dalarna, máa ń fi gbogbo ìgbà òtútù tún ṣe kí wọ́n lè gbé e yípo adágún nígbà ẹ̀rùn. Bàbá ti kú, kírómù dídán tí wọ́n fi bo irin ara ọkọ̀ ti ń bó, irin abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún.

Ó ní kí n fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀dà tí mo ń lò gbẹ bíi páúdà. Iná mànàmáná ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ irin, ààrò gbígbóná ló ń yọ́ ọ pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo ba irin púpọ̀ jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Mo ní kí ó kọ́kọ́ kó irin táyà wá, àti àwọn irin tó di bọ́ńpà mú. Èyí tó ń dán, ká ṣì rò ó. Ó gbà. Àmọ́ dípò kó kó irin táyà wá pọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé wá. Mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

Nígbàkigbà tó bá dé, mo máa ń fi kọfí lọ̀ ọ́. Á ní kí n má ṣèyọnu. Màá dé fúláàsì mi. Èmi kì í fipá bọ́ èèyàn.

Ilé ìlagi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ tipẹ́, èmi náà sì ń dá gbé. Á jókòó tì mí, á máa sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, èmi á máa fọ irin. Nígbà tó yá, etí mi kì í kúrò lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Ìyá rẹ̀, Ingegerd, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọ̀dà. Mọ́tò ọkọ òun ni, kírómù lòun fẹ́. Ó ti sọ fún Sixten pé obìnrin tó ń ta ọ̀dà, ọ̀dà ló máa yìn, àti pé kó ṣọ́ra fún mi.

Nígbà tí iṣẹ́ kéékèèké tán, ó ku bọ́ńpà, àwọ̀n irin iwájú ọkọ̀, àti àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó yí fèrèsé ká. Sixten ní òun ti pinnu, ọ̀dà dúdú ni. Oníkírómù tó sún mọ́ wa jù wà lọ́nà gúúsù lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní tán títí ẹ̀rùn á fi kọjá.

Bí mo bá gbà á, Sixten á máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá sọ òótọ́, ó ń lọ nìyẹn. Mo yẹ ẹrù náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀n iwájú yẹn kì í ṣe irin líle. Bí ó bá wọ ààrò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ru sókè lábẹ́ ọ̀dà bí eéwo. Àwọn ọ̀pá fèrèsé sì ní ilà wẹ́wẹ́ bí irun, ọ̀dà á dí i pa.

"Kírómù ni," mo ní. "Gbé e lọ."

"Ìwọ ni mo gbé e wá fún, Majken."

"Mo mọ̀. Màá bà á jẹ́ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, ó tán. Mo ní, "Tó bá jẹ́ pé kì í ṣe torí irin nìkan lo ṣe ń wá, máa wá. Mo fẹ́ ọ. Ṣé ìwọ náà fẹ́ mi?"

Ojú tì í. "Má ṣe yọ ara rẹ lẹ́nu nítorí mi," ló sọ.

Mo ní kò burú. Mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo kun irin ọgbà, mo kun bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Lọ́jọ́ kan mo sunkún pẹ̀lú ìbòjú iṣẹ́ lójú, gíláàsì rẹ̀ sì kún fún eruku, mi ò ríran mọ́.

Ẹ̀rùn ti dé góńgó nígbà tí ìyá arúgbó kan wọlé, tó fẹ́ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó má bọ́ ọ, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni.

"Ṣé ìwọ lo ní kí ọmọ mi gbé irin lọ fún oníkírómù?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló wá dé tó o fi lé e? Kò jẹun mọ́."

Mo ní mi ò lé e, mo bi í, ó kọ̀. Ó ní kí n sọ ohun tó wí gan-an. Mo sọ ọ́. Ingegerd jókòó sórí garawa ọ̀dà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré lo bi í? Ọmọ mi, nílé tiwa, ẹni tó bá gba nǹkan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ̀bìà ni. O kọ̀, wọ́n á tún lọ̀ ọ́, o tún kọ̀, títí wọ́n á fi fà ọ́ lápá aṣọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ń dúró kó o tún bi í ni. Ó ṣì ń dúró."

Gbogbo kọfí tí mo ti dé mọ́ ọn lójú wá sí mi lọ́kàn.

Síbẹ̀ mo ní mi ò ní tún bi í. Mo ti sọ ọ́, ó sì dá mi lójú nígbà tí mo sọ ọ́. Òun náà lẹ́nu.

Ó wò mí. "O le," ó ní. "Àmọ́ ẹni tó lé ọjà ara rẹ̀ lọ nítorí mọ́tò ọkọ mi, mo lè bá a ṣe àna. Màá sọ fún un pé o ò ní bi í mọ́."

Ọjọ́ kejì, Sixten dúró síta nínú òjò. Mo pa ààrò, mo la ẹnu kí n ní kó wọlé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni kí ni? Mi ò tíì bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni sí ti ìjọ́sí. Mo fẹ́ ọ, Majken. Màá máa sọ ọ́ títí á fi sú ọ."

Mo ní ẹ̀ẹ̀kan tó, mo ti gbọ́. Mo fà á wọlé.

Ewé igi ti wọ́ dànù tán kí kírómù tó dé. Àwa méjèèjì la jọ dè é mọ́ ọkọ̀ nínú abà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìgbéyàwó wa, yìnyín ti bo ilẹ̀, wọ́n sì ti da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ máa ń jẹ irin. Sixten ní ká ṣáà gbé mọ́tò náà dé gbọ̀ngàn ìlú nìkan. Ìyá rẹ̀ ní kò sí ìyàwó tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á torí ẹ̀ gbé kírómù ọkọ òun wọnú iyọ̀. Mo gbè é lẹ́yìn, nítorí òótọ́ ló sọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù mi la gbé lọ. Èmi ni mo wà á, páúdà ọ̀dà sì wà lórí gbogbo ìjókòó. Ingegerd ló kọ́kọ́ gòkè, ó jókòó sáàárín wa, ó ní ibẹ̀ ló móoru jù. Sixten na ọwọ́ gba ẹ̀yìn ọrùn ìyá rẹ̀, ó gbé e lé èjìká mi, kò sì gbé e kúrò títí a fi dé.