Ìṣẹ́jú Méjìlá Tí Kòdúró Fi Owó Rà

Ọjọ́ kejì tí kẹ̀kẹ́ náà dé ilé ni ẹ̀jẹ̀ ti kàn án.

Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó kàn ń sọdá títì ni, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wà nínú àpò. Kẹ̀kẹ́ kan yọ sí i láìpariwo, ó gbá a léjìká, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Nígbà tó gbójú sókè tó ń retí kí wọ́n bẹ òun, ìkúùkù ló bá pàdé. Ẹni tó gbá a ló tún bọ́ sílẹ̀ tó ń lù ú, tó ní kí ló dé tí kò kúrò lọ́nà. Imú ọkùnrin náà bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ta sára kẹ̀kẹ́ tuntun tó ń dán yinrin.

Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ. Jórinjórin ni, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe géètì àti bẹ́ẹ̀dì onírin. Kòdúró ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, kì í dúró kí irin tutù kó tó gbé e, kì í sì í dúró ro ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe. Ó ti fọ́ eyín aládùúgbò rẹ̀ kan rí nítorí omi ìfọṣọ lásán. Ó ti ju òòlù mọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn ọmọdé àdúgbò mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì ti wọlé kó tó dé.

Kẹ̀kẹ́ náà ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, àmọ́ bátìrì ló ń gbé e sáré, eré burúkú sì ni. Owó rẹ̀ tó ra kẹ̀kẹ́ lásán mẹ́wàá. Ẹni tó tà á fún un kìlọ̀ nǹkan méjì. Ó ní, "Ìjánu kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó sáré jù láàárín èrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u." Ó tún ní, "Bí ẹ bá fẹ́ jó irin kankan mọ́ ọn lára, ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì. Iná ẹ̀rọ ìjórin lè ba ọpọlọ tó ń darí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́."

Kòdúró bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ àná yìí fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ iná? Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń jórin!"

Kó tó délé ló ti tú ìjánu.

Kí n má parọ́ o, èmi kò bá kẹ̀kẹ́ oníbátìrì jà. Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà, tí òkè pọ̀ lọ́nà rẹ̀, tí orúnkún ń dà láàmú, á dúpẹ́ pé òun rà á. Kì í mu epo, kì í rú èéfín. Ṣùgbọ́n ilé Kòdúró kò jìnnà. Ogún ìṣẹ́jú ni kẹ̀kẹ́ àtijọ́ rẹ̀ fi ń gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le koko. Kí ló wá ń lé e?

Ẹnì kan bi í ní ìbéèrè yìí. Bàbá àgbàlagbà tó máa ń kun àwọn géètì lẹ́yìn tí Kòdúró bá ti jó wọn tán ni. Bàbá Ọ̀dà ni gbogbo wa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ti gbó débi pé à ń gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó yọ ní kọ̀rọ̀. Ọmọlẹ́yìn Jésù ni, kì í sì í fi bò.

"Ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ yìí dára o. Ìṣẹ́jú mélòó ló ń bá ọ dín kù láàárọ̀?"

"Méjìlá, Bàbá! Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré, mo ti dé! Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbín ń juwọ́ sí yín lójú ọ̀nà, ó ń fi yín sílẹ̀ lọ!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọ̀dà náà rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni. Ó tiẹ̀ kí mi láàárọ̀ yìí, ó ní kí n kí ọ. Ṣùgbọ́n kí lo fi ìṣẹ́jú méjìlá ti òní ṣe?"

Kòdúró yíjú padà sídìí irin rẹ̀. Ìjà ló fi ṣe. Ẹ̀jẹ̀ imú ọkùnrin yẹn ṣì wà ní etí ẹ̀wù rẹ̀.

Bàbá Ọ̀dà rẹ ohùn sílẹ̀. "Kì í ṣe iṣẹ́ lò ń sáré lọ bá. Nǹkan kan ló ń lé ọ látinú. Jésù nìkan ló lè dá a dúró. Fi ayé rẹ fún un, ọmọ mi."

"Ẹ lọ kun géètì yín!" Kòdúró fi ẹsẹ̀ gbá agolo ọ̀dà rẹ̀. Ọ̀dà pupa dà sílẹ̀ kalẹ̀. Bàbá náà kò bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kó ohun tó ṣeé kó padà sínú agolo. Rántí ọwọ́ ọ̀tún yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Kòdúró wọlé, ó rí i pé wọ́n ti yọ wáyà bátìrì rẹ̀ lára iná.

"Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni, bàbá ọmọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ó gbóná jù, ọmọ sì sùn tì í. Ẹ̀rù ló bà mí."

Kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó gbá a létí, obìnrin náà sì forí sọ etí tábìlì. Ó tún fà á dìde, ó tún gbá a. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ta jí, ó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń ké, "Ẹ má pa màámi! Ẹ má pa màámi!" Kòdúró gbọn ẹsẹ̀ náà dànù, ọmọ sì gbá ẹnu mọ́ ògiri. Eyín kan já bọ́ sílẹ̀.

Ìyàwó kò bú u, kò sì ṣépè. Ó fi aṣọ nu ẹnu ọmọ, ó di ẹrù díẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ. Kòdúró pariwo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n máa lọ, ó ní ẹsẹ̀ ń bẹ lára wọn.

Inú tó ń bí i yẹn ló gbé dé ṣọ́ọ̀bù. Ó gé irin kan tó nípọn, ó sì fẹ́ jó o mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ náà. "Ẹni tí kò bá kúrò lọ́nà, irin ni yóò kọ́ ọ!"

Bàbá Ọ̀dà, tó ti gbọ́ bí Kòdúró ṣe ń fi ìkìlọ̀ ẹni tó tà á ṣe yẹ̀yẹ́, sáré dé. "Bátìrì ńkọ́? Ṣé ẹni tó tà á kọ́ ló ní kó o yọ ọ́?"

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé ọjọ́ orí yín!"

Kò yọ ọ́. Ó tan ẹ̀rọ, iná ń tàn yẹ̀rì, irin lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀rù, àmọ́ ẹni tó gbà pé òun mọ iná tán kì í bẹ̀rù iná. Ohun tí kò rí ni pé iná ẹ̀rọ náà ti gba ara irin wọnú ọpọlọ kẹ̀kẹ́. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti fa bíréèkì, ẹ̀rọ tó ń yí táyà máa ń kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ náà kò gbọ́ ti bíréèkì mọ́. Ó gùn ún wálé láìfa bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, kò sì mọ̀.

Ó mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Èrò ń lọ síbi iṣẹ́. Ní oríta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, Bàbá Ọ̀dà bọ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Kòdúró ń bọ̀ kíkankíkan. Ó rí i. Ó fa bíréèkì tọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń tì í lọ síwájú ni. Ó ké, "Bàbá o!"

Irin iwájú náà gbá apá ọ̀tún Bàbá Ọ̀dà, ó rún un mọ́ òpó iná. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì tí mo dúró sí. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ. Egungun yọ síta. Ẹ̀jẹ̀ bo ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ olówó iyebíye náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà rẹ̀ ṣì ń yí.

Kíá, èrò ti pé. Àwọn tí Kòdúró ti lù rí pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀, wọ́n fi bàtà gbá a lẹ́nu, wọ́n fi bẹ́líìtì na án títí ẹ̀wù rẹ̀ fi ya mọ́ ọn lára. Egungun ìhà rẹ̀ dún. Ọkùnrin tí ó fọ́ nímú lọ́jọ́sí gbé òkúta ńlá kan sókè. "Ẹ yà fún mi! Ẹ jẹ́ kí n fọ́ orí ẹranko yìí!"

Kòdúró di ojú. Nǹkan wúwo kan já lé e lẹ́yìn. Ó rò pé òkúta náà ni.

Bàbá Ọ̀dà ni. Ó ti wọ́ ara rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débẹ̀, ó sì fi gbogbo ara bo ẹni tó rún un. Ẹni tó ń lo bẹ́líìtì kò tètè rí i. Ẹgba kan, ẹgba kejì, ẹ̀yìn bàbá náà ni méjèèjì bà.

"Bàbá, ẹ kúrò lára rẹ̀! Òun ló ṣe yín báyìí!"

"Mo mọ̀," ni Bàbá Ọ̀dà wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó fẹ́ sùn lọ. "Mo ti dárí jì í. Bí òkúta yẹn bá máa bà á, èmi ni yóò kọ́kọ́ bà."

Òkúta bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì bú sẹ́kún.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé apá ọ̀tún yẹn láti ìgúnpá. Kòdúró jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n ti rán orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà náà ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ó wó lulẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, kí ló dé? Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún irú mi?"

"Torí ẹnì kan ti ṣe é fún mi ṣáájú. Nígbà tí ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi ń bọ̀ lórí mi, Jésù fi ara rẹ̀ bò mí. Tirẹ̀ le ju tèmi lọ, ọmọ mi. Òun kú. Ìwọ náà sì wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú yẹn."

Kòdúró sunkún bí ọmọdé. "Jésù, ìwà ipá ló kún ọwọ́ mi. Mo lu ìyàwó mi, mo lu ọmọ mi, mo ba apá ẹni tó fẹ́ràn mi jẹ́. Mi ò lè dá ara mi dúró. Ẹ dá mi dúró. Ẹ dárí jì mí." Bàbá Ọ̀dà gbé ọwọ́ kan tó kù lé e lórí, ó ṣe àmín.

Àánú Ọlọ́run bá a níbẹ̀, ìdánwò sì bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́pàá kan ń dúró dè é pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Bíréèkì ló kọ̀, àbí? Ẹ̀bi ẹni tó tà á nìyẹn. Fọwọ́ sí i níbí kó o máa lọ."

Kòdúró mú bírò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ mọ ohun tí ì bá ti ṣe. Ó dá bírò padà. "Rárá, ọ̀gá. Ó kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mo tú ìjánu, èmi ni mo jórin láìyọ bátìrì, ìbínú ni mo sì fi ṣe é. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Oṣù mẹ́rin ló lò lẹ́wọ̀n nítorí gbólóhùn yẹn. Ìyàwó rẹ̀ kò tètè padà, mi ò sì bá a wí. Ó tó ọdún kan kó tó gbà pé ọwọ́ yẹn ti yàtọ̀. Títí di ìsinsìnyí, bí Kòdúró bá gbọ́wọ́ sókè láti ṣí fìlà, ọmọ rẹ̀ ṣì máa ń sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó máa ń dùn ún dé egungun. Á kúnlẹ̀, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, á sì dúró títí ọmọ á fi wá fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, Kòdúró ti mọ bí a ṣe ń dúró.

Kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà. Ó tún ọpọlọ rẹ̀ ṣe, ó dá ìjánu padà, ó gé irin iwájú yẹn dànù. Lẹ́yìn náà ó yọ bátìrì, ó gbé e sórí tábìlì níbi tí gbogbo wa ti lè rí i, kó tó jó ìjókòó kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá Ọ̀dà ló ń jókòó síbẹ̀. Àràárọ̀ ló ń lọ gbé e, torí bàbá kò lè fi ọwọ́ kan darí kẹ̀kẹ́ mọ́, ọwọ́ òsì ló sì fi ń kun géètì báyìí. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ń lò lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú méjìlá tó fi owó rà ti padà lọ, orin ni wọ́n sì ń fi í kọ.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ìwọ ńkọ́? Bóyá o kò ní kẹ̀kẹ́ kankan. Bóyá ahọ́n rẹ ni irin tó o jó síwájú, tó o fi ń gún ará ilé rẹ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún ọ, o kọ etí ikún. O ti ń fa bíréèkì fúnra rẹ láti ọjọ́ yìí, o ń ṣe ìlérí pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, o sì rí i pé nǹkan tó ń tì ọ́ kò gbọ́. Má tan ara rẹ. Oríta kan ń bẹ níwájú rẹ, ẹnì kan tó o fẹ́ràn sì lè máa sọdá níbẹ̀.

Ẹni tó lè dá ọ dúró ti ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Òkúta náà kò tíì já lù ọ́ torí pé ó bò ọ́. Pè é níbi tó o jókòó sí yẹn. Jẹ́wọ́ fún un láìdi ẹ̀bi ru ẹlòmíràn, kó o sì dìde lọ bẹ ẹni tó o ṣẹ̀.

Kíka ìwé pélébé yìí kò gbà ọ́ ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Kí lo fẹ́ fi méjìlá tó kàn ṣe?