Aṣọ Léfòó, Èèyàn Rì

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lọ, ẹ yà díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó, ẹ má dìde. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi, kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín. Abúlé ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, a kì í sáré sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ ká jọ máa bá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó mọ ohun tí mo fi dá yín dúró.

Ọkùnrin kan wà ní Kumasi tó ń jẹ́ Láoyè. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí òun sí. Aṣọ ni bàbá tà, aṣọ lọmọ náà ń tà, nínú ọjà Kejetia, níbi tí èrò ti pọ̀ bí eéṣú. Nígbà tó wà ní kékeré, ìjọ Onítẹ̀bọmi àwọn Yorùbá ni wọ́n ti kọ́ ọ lórin. Nígbà tó gọ́ntíọ̀, ó fi ìjọ sílẹ̀ bí ẹni tó bọ́ bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ jọ́sìn, ìdí àkpẹtẹ́ṣì lẹ ó ti bá a, ọtí líle tí ẹ̀yin ará ilé ń pè ní ògógóró.

Afia ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Asante, ará Mampong. Nígbà tí Láoyè fẹ́ ẹ, kò gbọ́ ju "ẹ kú àárọ̀" lọ nínú èdè wa. Inú ìjọ tí ọkọ rẹ̀ sá kúrò ló ti kọ́ Yorùbá, orin ló fi kọ́ ọ. Ẹ ò rí nǹkan! Àlejò ń kọrin nínú ilé, ọmọ onílé ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lóde.

"Bàbá Akosua," Afia a máa wí fún un, nítorí Akosua ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, "Ọlọ́run kì í ṣe oníbàárà tí ẹ lè ní kó padà wá lọ́la."

Láoyè a rẹ́rìn-ín. "Afia, jẹ́ kí n tajà ná. Tí mo bá darúgbó, iwájú ni mo máa jókòó sí, èmi àtàwọn díákónì la ó jọ máa tòògbé."

Nígbà tí àwọn aláṣọ pọ̀ ju ẹni tó ń rà lọ ní Kejetia, Láoyè gbọ́ nípa ọ̀sà kan ní ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ilẹ̀ Gáńà ti fẹ́ẹ́ bá Kódífúà pàdé. Àwọn abúlé wà létí ọ̀sà náà tí mọ́tò kò dé. Ọkọ̀ ojú omi ni í gbé ohun gbogbo lọ bá wọn. Láoyè ra ọkọ̀ onígi gígùn kan tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ó sì gba Kwasi, ọmọ etí omi, láti máa tu ú fún un. Òṣù dé, òṣù lọ, òun àti Afia a kó aṣọ kúrò ní Kumasi, wọn a máa ti èbúté kan bọ́ sí èkejì.

Ó máa ń dára láti wò. Bí ọkọ̀ bá ti fẹnu kan ilẹ̀, àwọn obìnrin a sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, Afia a tú aṣọ sílẹ̀, wọn a máa fà á wò, wọn a máa ná an, ẹ̀rín a ta. Láoyè ní tirẹ̀ kì í dúró wo ìyẹn. Èbúté wo ni kò ní ilé ọtí? Ó mọ ilé ọtí wọn ju bó ṣe mọ orúkọ abúlé wọn lọ.

Mo ti wá kan ibi tó ń dùn mí báyìí.

Àwọn tó ń bójú tó èbúté ti pa á láṣẹ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbéra láìsí ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, èyí tí í gbé èèyàn léfòó bí ó bá ṣubú sómi. Láoyè rà wọ́n. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ohun tó dára báyìí kò yẹ kó ṣòfò lára èèyàn. Ó wá fi ọ̀rá di ìdì aṣọ rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù fún ìdì kọ̀ọ̀kan, ó fi okùn gbà á, ó so ó ní kókó tí eyín kò lè tú. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, aṣọ kò ní rì.

Afia ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá Akosua, ṣé àwọn aṣọ náà ti ń bẹ̀rù omi ni?"

"Aṣọ kò mọ̀wẹ̀," ni Láoyè dáhùn. "Èèyàn lọ́wọ́, ó lẹ́sẹ̀. Ṣé o ò gbọ́ pé aṣọ là ń kí ká tó kí èèyàn?"

"Àwọn ará yín kan náà ló kọ́ mi pé èèyàn laṣọ."

Kwasi rẹ́rìn-ín nídìí ẹ́ńjìnnì. Wofa ló máa ń pe Láoyè, bí àwọn Akan ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn. "Wofa, ẹ jẹ́ ká tú ẹyọ kan fún Màámi. Ọmọ orí ilẹ̀ ni wọ́n."

"Kwasi, ẹ́ńjìnnì ni mo gbà ọ́ fún. Tó o bá fẹ́ wàásù, lọ dá ṣọ́ọ̀ṣì tìrẹ sílẹ̀."

Kwasi dákẹ́.

Ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, wọ́n ti pàtẹ láti àárọ̀ ní èbúté kan, Afia ti parí ọjà, ó ti di aṣọ tó ṣẹ́kù. Ọ̀sà máa ń rọlẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kọjá àtàrí, afẹ́fẹ́ òkun á dé, omi á máa gbé orí sókè. Àwọn ará ibẹ̀ kì í gbéra nígbà náà. Ibi tó bá bá wọn ni wọ́n ń sùn. Wọ́n ránṣẹ́ pe Láoyè títí nílé ọtí, ó ní ọkọ̀ kò tíì kún. Ẹ mọ̀ pé ní Kejetia, mọ́tò kì í kúrò ní gáréèjì láìkún. Òfin yẹn ló gbé wá sórí omi, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ a máa gbé èrò pẹ̀lú aṣọ.

Nígbẹ̀yìn, Afia fúnra rẹ̀ gòkè lọ pè é. "Ẹ jẹ́ ká sùn síbí. Ọ̀la náà ọjọ́ ni."

"Kí èmi sùn sétí omi bí ẹja tí wọ́n sá?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níwájú ọkọ̀, ó ń ké bí àwọn tó ń pèrò ní Kejetia: "Ẹ wọlé! Ààyè ṣì kù níwájú! Ẹ sún mọ́ra yín, ẹ̀yin àǹtí!"

Àwọn tí wọ́n fẹ́ délé wọlé, tàwọn ti agbọ̀n ẹja wọn. Ọkọ̀ kún, ó rì sísàlẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó lè fi ìka kan omi. Kwasi wo ojú ọ̀run, ó wo Láoyè, ó fa ẹ́ńjìnnì.

Àárín ọ̀sà ni afẹ́fẹ́ ti ká wọn mọ́. Ìgbì kan wọlé, èrò sá sápá kan, ọkọ̀ sì dojú dé. Ẹ má bi mí bí igbe náà ti rí.

Ọmọ etí omi ni gbogbo èrò náà, wọ́n wẹ̀. Àwọn ìdì aṣọ náà kò rì rárá. Wọ́n ta sókè lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn lára wọn, wọ́n ń mì bí ẹni tó ń gbafẹ́. Láoyè di ọ̀kan mú. Ó wòye, ó rí Afia, kò jìnnà ju ẹnu ọ̀nà sí ìdí kànga lọ. Afia pè é: "Bàbá Akosua!" Kí ó tó lè na ọwọ́ sí i, ó ní láti jọ̀wọ́ aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó di aṣọ mú títí omi fi bo orí ìyàwó rẹ̀.

Àwọn apẹja ló wá fi ọkọ̀ kékeré kó wọn. Láoyè jókòó sórí yanrìn, omi ń ro lára rẹ̀, ọtí ti dá. Àwọn ọmọkùnrin ń gbé ìdì aṣọ dé, wọ́n ń tò ó síwájú rẹ̀, wọ́n ń retí kí ó dúpẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣọpẹ́. Ẹrù yín pé. Ọ̀kan ò sọnù."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Afia dé.

Wọ́n sin ín sí Mampong. Akosua, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, tó ń gbé Ayigya, àdúgbò kan ní Kumasi, bi bàbá rẹ̀ léèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Láoyè ní ìjì ni. Ohun tó sọ fún àwọn àna rẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn èèyàn ń rọ́ wá tù ú nínú ní Kejetia. Àlhájà Wúlẹ̀mọ̀tù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀, tí ìsọ̀ wọn jọ fara kanra, a wí pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni, àbúrò mi. Bó ṣe wà nínú kádàrá nìyẹn." Àwọn mìíràn a ní ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ mọ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti tù ú nínú tán, Láoyè a dìde, a gba ilé ọtí lọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí oògùn rẹ̀ ṣe.

Oníbàárà kan tú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà wò lọ́jọ́ kan. "Ẹ wo bó ṣe ń dán!" ló wí. "Ó dà bí pé omi ò kàn án rí." Láoyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọjà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Kwasi wọ mọ́tò láti etí òkun wá sí Kumasi. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ìsọ̀, Láoyè ti rù, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀.

"Kwasi," ni Láoyè wí kí ìyẹn tó kí i tán, "ìwọ náà wá sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni?"

"Rárá, Wofa. Mi ò ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yin lẹ fi ẹ̀wù èèyàn wọ aṣọ. Èmi tí mo mọ omi, mo rí i, mo dákẹ́, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwa méjèèjì la jẹ̀bi ikú rẹ̀."

Àlhájà gbọ́ ọ láti ìsọ̀ kejì. "Hà! Ìwọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílùú yín nìyí?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àlhájà," ni Láoyè wí. Ẹkún ti gbọ̀n ọ́n. "Òun lẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sòótọ́. Kwasi, o ò tíì mọ gbogbo rẹ̀. Ó pè mí. Mo gbọ́. Mo di aṣọ mú."

Kwasi jókòó tì í.

"Wofa, bí wọ́n bá ní ẹ ò jẹ̀bi, kí ni wọ́n fẹ́ dárí rẹ̀ jì yín? Ìyẹn ni gbogbo ìtùnú wọn ò fi wọ̀ yín lára. Ẹlẹ́bi ni Jésù wá wá. Nígbà tó rí wa nínú omi, kò di ògo rẹ̀ mú. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sínú ikú wá bá wa. Mo gbé ẹ̀bi tèmi lọ bá a. Mo ṣì ń sunkún Màámi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn mi mọ́."

"Ẹni bíi tèmi ńkọ́?"

"Ẹ pè é kẹ́ ẹ gbọ́ èsì rẹ̀."

Láoyè kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ìdì aṣọ, lójú ọjà. Kò mọ àdúrà gígùn. Ohun tó wí ni pé, "Olúwa, kì í ṣe ìjì. Èmi ni. Nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù, ṣàánú mi." Ó tún un wí títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tó dìde, kò gba ọ̀nà ilé ọtí. Ayigya ló gbà, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Akosua, ti ẹ̀wù, ti ọtí, ti ọwọ́ rẹ̀ tó kọ̀ láti jọ̀wọ́ aṣọ. Kò fi ọ̀kan bò. Akosua wò ó títí. "Ẹ máa lọ," ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo fẹ́ kí n lè sọ fún yín pé ó ti ṣí i. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, kò tíì ṣí i. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Láoyè a lọ dúró lóde níbẹ̀, a kí i láti ìta, a yíjú padà. Ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ń sunkún, ó ń kọrin, ó sì ń sùn lóru.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ń bọ̀. Má wò mí bí ẹni tó ń wo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Kí ni ìwọ ń pè ní ìjì? Ṣé ọ̀rẹ́ burúkú lo ń dá lẹ́bi ni, tàbí ayé, tàbí àwọn ará ilé bàbá rẹ? Ẹ̀ṣẹ̀ tí o bá rí ẹlòmíràn gbé e ka lórí kò tíì kúrò lọ́rùn rẹ. Kí ni o sì dì mú tí ọwọ́ rẹ ò fẹ́ jọ̀wọ́? Ọjà ni àbí obìnrin? Ìgò ni àbí orúkọ ńlá? Jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò lè gbé ọkàn rẹ léfòó lọ́jọ́ ìdájọ́.

Ikú Afia kò dúró kí Láoyè ronú tán. Tìrẹ náà kò ní dúró. Má ṣe sọ pé bí o bá darúgbó. Níbi tí o wà yìí, kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, sọ fún Jésù pé ìwọ ni. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń dúró kí o wí i ni. Kò lé ẹlẹ́bi kankan tó wá bá a padà rí.

Àlhájà Wúlẹ̀mọ̀tù ló sọ ìtàn yìí fún mi, nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní Kejetia. Mùsùlùmí ni títí dòní, kò sí ohun tó fẹ́ jèrè nínú kó bù mọ́ ọn fún mi. Ó ní Láoyè fúnra rẹ̀ ló sọ ti orí omi fún òun, ṣùgbọ́n ti inú ọjà ṣojú òun, àti pé ọkùnrin tó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun kò tún rí i mọ́. Ẹlòmíràn ló dìde.